Wíwo ẹranko nínú igbó kìjikìji Éṣíà láìpa wọ́n lára: ẹ jọ̀wọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀

Àánú_Surulere

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Àwa márùn-ún là ń múra ìrìn-àjò afẹ́ fún oṣù Keje: bàbá, ìyá, ọmọ ọdún 9, ọmọ ọdún 12, àti ìyá àgbà ẹni ọdún 62 tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Ọjọ́ 12 la ní, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a bá gbéra ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà títí di ọjọ́ tí a ó fi padà sílé. Àwọn ọmọ fẹ́ fojú ara wọn rí orangutan, irú ìnàkí ńlá onírun pupa kan, nínú igbó, wọn ò fẹ́ ti inú ọgbà ẹranko.

Aṣojú ìrìn-àjò kan níbí ti gbé ètò kalẹ̀ fún wa. Ọjọ́ mẹ́ta ní Tàílándì, a ó gun erin, a ó sì wẹ̀ pẹ̀lú erin nínú odò. Ọjọ́ méjì ní Sumatra, erékùṣù kan ní Indonéṣíà, "ẹ ó fọwọ́ kan orangutan, ó dájú dánu". A ó lo ìyókù ní Kuala Lumpur, olú ìlú Màléṣíà. Owó rẹ̀ rọjú ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ó dájú dánu" yẹn ń kọ wá lóminú.

Ohun tí a fẹ́ mọ̀: ṣé ètò yìí dára fún àwọn ẹranko náà? Bí kò bá dára, ibo ni ká lọ, kí la máa gbé dání, ìwé wo la nílò, àti pé kí ni ìyá àgbà lè ṣe níbẹ̀? Ẹ ṣé púpọ̀.

Baba_Ẹgàn

Àánú, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ lórí ètò yẹn. Ibi tí ẹ fura sí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Orangutan tó ń gbé igbó láyè ara rẹ̀ kì í wá bá ènìyàn. Òkè igi ni ilé rẹ̀, òun nìkan ni, tàbí ìyá pẹ̀lú ọmọ, ó sì lè rìn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni má rí i. Bí ẹnìkan bá wá ń fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ ó fọwọ́ kàn án, yálà wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀ ni, tàbí wọ́n ti fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ ọ́ di alágbe.

Ìṣòro alágbe yìí wà ní Bukit Lawang, ní etí ọgbà Gunung Leuser ní Sumatra. Ní 1973 ni wọ́n dá ibùdó sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa dá àwọn orangutan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn wọ́n nílé padà sínú igbó. Àwọn tí wọ́n dá padà àti àwọn ọmọ wọn mọ ènìyàn, ẹ̀rù kì í bà wọ́n. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fún wọn lóúnjẹ rárá, síbẹ̀ atọ́nà mìíràn á fi èso pamọ́ sínú àpò kí àlejò lè ya fọ́tò, kó sì fún un lówó ọwọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹranko náà á máa sọ̀ kalẹ̀ sí ojú ọ̀nà, á máa já àpò gbà, á sì máa bu ènìyàn jẹ. Ọmọ rẹ̀ ló tún wá burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ọdún 7 tàbí 8 ni ọmọ orangutan fi ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀, kó lè mọ èso tó ṣeé jẹ, igi tó ń so ún, àti ìgbà tó ń so. Ìyá kì í bí òmíràn títí ọdún yẹn á fi pé. Ọmọ tó bá fi ọdún wọ̀nyẹn kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọrọ nǹkan kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ mọ́.

Àìsàn tún wà ńbẹ̀. Ara orangutan sún mọ́ ara ènìyàn débi pé ọ̀fìnkìn, ikọ́ ife àti kòrónà lè ràn án láti ara wa. Ọ̀fìnkìn tí ọmọ yín á gbé fún ọjọ́ mẹ́ta, tí yóò sì máa bọ́ọ̀lù gbá lọ, lè pa ẹranko yẹn. Ìdí nìyẹn tí mítà 10 fi jẹ́ ìwọ̀n tó kéré jù láàárín yín àti òun. Ẹ to dánfó méjì tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ fi díẹ̀ kún un, ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wọ ìbòmú. Ẹni tó bá ń húkọ́ lọ́jọ́ náà, kó dúró sílé ìtura, ì báà jẹ́ ọmọdé tó ti ń retí ọjọ́ náà láti oṣù mẹ́fà.

Ti erin: kò sí erin tí wọ́n bí tó fẹ́ gbé ènìyàn sẹ́yìn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n á so ó, wọ́n á fi ebi àti ìrora tẹ orí rẹ̀ ba títí yóò fi gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wíwẹ̀ pẹ̀lú erin sàn ju gígùn ún lọ. Ẹ rò ó wò: kí ẹranko tó tóbi tó yẹn tó lè dúró jẹ́ẹ́ kí àjèjì ogún máa da omi sí i lára lójoojúmọ́, ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti fi irú ìyà kan náà kọ́ ọ. Ibi tó dára, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n á ti jẹ́ kí ẹ máa wo erin, ohun tó bá wù ú ni yóò sì máa ṣe.

Ibi tí mo máa ní kí ẹ lọ ni Sabah, apá kan Màléṣíà tó wà lórí erékùṣù Borneo. Láti Èkó ẹ lè gba Addis Ababa, Doha, Dubai tàbí Istanbul dé Kuala Lumpur, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ òfuurufú mìíràn lọ sí Sandakan, ìlú kan ní Sabah, ó ń sún mọ́ wákàtí mẹ́ta. Aago wọn fi wákàtí 7 ṣáájú tiwa. Ẹ má ṣètò ohun tó le sí ọjọ́ tí ẹ bá dé, oorun á ti dàrú mọ́ àwọn ọmọ lójú.

Ẹ sun alẹ́ kan ní Sepilok, ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn orangutan tó jẹ́ òrukàn, tí kò ju nǹkan bí kìlómítà 25 sí Sandakan. Lẹ́yìn náà ẹ lo alẹ́ mẹ́ta létí odò Kinabatangan, ní Sukau tàbí Batu Puteh. Nǹkan bíi wákàtí méjì sí méjì àbọ̀ ni Sukau wà sí Sandakan lójú títì. Ẹ wá lo alẹ́ mẹ́ta nínú igbó Danum Valley, ẹ ó gba ìlú Lahad Datu wọlé, ẹ ó sì gba ibẹ̀ jáde. Ọjọ́ tó kù fún òfuurufú nìyẹn. Ẹni tó bá kó ibi márùn-ún sínú ọjọ́ 12, inú ọkọ̀ ni yóò ti lo ìsinmi rẹ̀, nítorí ẹranko kì í tẹ̀lé tábìlì ètò ẹnikẹ́ni. Ìdúró alẹ́ mẹ́ta lójú kan ló ń jẹ́ kí ẹ rí i ní ọjọ́ kẹta ohun tí ẹ kò rí ní ọjọ́ kìíní.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Ẹranko tètè ń hàn létí odò Kinabatangan nítorí pé ibi tí wọ́n lè sá sí kò pọ̀ mọ́. Odò náà gùn tó kìlómítà 560. Ní ọ̀pọ̀ ibi nísàlẹ̀ rẹ̀, igbó tó kù kò ju ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ lọ ní etí omi, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ oko ọ̀pẹ lọ rẹrẹẹrẹ. Ọ̀pẹ tiwa náà ni o. Igi tí a fi ikin rẹ̀ dá Ifá, tí a fi epo rẹ̀ se ọbẹ̀, láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti lọ. Ní 1848 wọ́n gbin ọmọ ọ̀pẹ mẹ́rin péré sí ọgbà Bogor ní Java. Ní 1917 wọ́n dá oko ọ̀pẹ ńlá àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Màléṣíà, ní Tennamaram. Ọ̀pẹ ibẹ̀ kò kọ́kọ́ so dáadáa, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé àtíkè òdòdó rẹ̀ láti orí akọ sórí abo, títí di 1981 tí wọ́n fi kó kòkòrò kékeré kan wá láti Kamẹrúùnù tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ náà. Lónìí Màléṣíà àti Indonéṣíà ló ń pèsè ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún epo ọ̀pẹ ayé lọ. Nítorí náà bí ẹ bá jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi tí ẹ rí erin àti orangutan lówùúrọ̀ kan ṣoṣo, ẹ yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn igi náà pẹ̀lú.

Ìdí nìyí tí mo fi fi Danum kún un. Kìlómítà 438 níbùú àti lóròó ni ẹgàn ibẹ̀, igi tí ẹnikẹ́ni kò gé rí. Ẹranko kò ní hàn kíákíá bíi ti odò, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá rí wà ní ipò tí Ọlọ́run fi í sí.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀bútẹ́Mẹ́tà

Àwọn àgbà ti sọ̀rọ̀ ẹranko, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìwé àti ti ara.

Yellow card ni àkọ́kọ́. Gbogbo ẹni tó ti kọjá ọdún kan tó bá ń ti Nàìjíríà bọ̀ ni Màléṣíà ń béèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà kò ní ka ìwé títí di ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á, nítorí náà ẹni tó bá gbà á ní ọ̀sẹ̀ ìrìn-àjò ti pẹ́ jù. Láti 2016 ni wọ́n ti gbà pé abẹ́rẹ́ kan tó fún gbogbo ayé ẹni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ tún un gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ọwọ́ Port Health ni kí ẹ ti gba káàdì. Ẹni tó ń tà á lẹ́nu géètì láìfúnni lábẹ́rẹ́, ìwé lásán ló ń tà, ìwé náà kò sì ní dáàbò bo ẹ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo orúkọ dáadáa: bí ìwé ìrìnnà bá kọ Ọláìtán tí káàdì sì kọ Ọlá, wàhálà dé.

Físà ni kí ẹ gbà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé dá padà. Ilé iṣẹ́ aṣojú Màléṣíà wà ní Àbújá. Ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ ní ju oṣù mẹ́fà lọ kó tó parí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó wọ Màléṣíà, ẹ ó kún fọ́ọ̀mù ìwọlé wọn tó ń jẹ́ MDAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kọ̀ọ̀kan títí kan àwọn ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ojú òpó tó bá ní kí ẹ sanwó, ti gbájúẹ̀ ni. Ohun tó sì máa ń ya àlejò lẹ́nu: Sabah ní ìmígíréṣọ̀n tirẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ ti gba òǹtẹ̀ ní Kuala Lumpur, wọ́n á tún wo ìwé yín ní Sandakan. Tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ àti ìwé ilé ìtura, inú báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n wà, ẹ má fi wọ́n sínú ẹrù tó wọ abẹ́ ọkọ̀.

Ti ẹ̀fọn. Èyí tó ń fa ibà dẹ́ngì ń jẹni ní ojúmọmọ, pàápàá ní òwúrọ̀ àti nígbà tí oòrùn bá ń rọ̀. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìpadàbọ̀, paracetamol nìkan ni kí ẹ lò títí dókítà yóò fi rí i. Ẹ má lo aspirin tàbí ibuprofen, nítorí dẹ́ngì lè mú ẹ̀jẹ̀ máa yọ lára, oògùn wọ̀nyẹn á sì mú un pọ̀ sí i. Ẹ má rò pé "málà yìí náà ni" kí ẹ lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì. Irú ibà kan wà ní Sabah tó ń ti ara ọ̀bọ wá, knowlesi ni wọ́n ń pè é, wákàtí 24 péré ló fi ń di ìlọ́po nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pé inú igbó Borneo lẹ ti ń bọ̀. Bóyá kí ẹ lo oògùn tó ń dènà málà tàbí kí ẹ má lò ó, dókítà tó mọ ìyá àgbà àti oògùn tó ń lò ni kí ẹ bi, ní oṣù kan ṣáájú.

Ìpara tó ń lé ẹ̀fọn: èyí tó ní DEET ìdá 20 sí 30 tó. Ó ń yọ́ ike, nítorí náà ẹ nu ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan bínókúlà, awò ojú tàbí fóònù. Ní ọjọ́ Sepilok, ẹ má fi para rárá, wọn kò gbà á níbẹ̀ nítorí àwọn orangutan tó lè fọwọ́ kàn án kí wọ́n sì lá a.

Bí ọ̀bọ bá bu ẹnikẹ́ni jẹ tàbí tó ya á lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìdènà rẹ̀ kò le: kí oúnjẹ má sí lọ́wọ́, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ má fi eyín hàn án. Ẹ̀rín lójú tiwa, ìjà ni lójú tirẹ̀.

Ìyá àgbà: Kinabatangan ni ibi tirẹ̀. Inú ọkọ̀ ojú omi lẹ ó ti máa wo gbogbo nǹkan, kò sí ìrìn. Ohun tó kàn án níbẹ̀ ni àtẹ̀gùn láti ilé dé ojú omi. Ẹ béèrè iye rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ní ọwọ́ ìdìmú.

Kúnlé_Ọ̀yìngbò

Ẹ̀gbọ́n Baba Ẹgàn, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè. Ẹ ní fífún orangutan lóúnjẹ ní Sumatra kò dára, ẹ wá ní kí wọ́n lọ sí Sepilok. Ní Sepilok, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún wọn lójú àlejò ní agogo 10 òwúrọ̀ àti agogo 3 ọ̀sán. Kí ni ìyàtọ̀ ibẹ̀?

Èkejì: owó tó tó báyìí, ṣé ẹranko tán nílé ni? Erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wákàtí díẹ̀ sí Èkó.

Baba_Ẹgàn

Kúnlé, ìbéèrè gidi ni. Láti 1964 ni Sepilok ti wà, àwọn ọmọ òrukàn tí wọ́n ti pa ìyá wọn tàbí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó so wọ́n mọ́lé ni wọ́n ń tọ́jú. Igbó tó tó kìlómítà 43 níbùú lóròó ló yí i ká. Oúnjẹ orí pèpéle kì í yàtọ̀ lójoojúmọ́, kí ó lè sú wọn, kí wọ́n lè lọ wá tiwọn. Òṣìṣẹ́ ló ń gbé e kalẹ̀, àlejò dúró lókèèrè, kò sí fífọwọ́kàn, wọ́n sì máa ń ní kí ẹ fi báàgì sílẹ̀ nínú àpótí kí ẹ tó wọlé. Bí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ẹyọ kan kò wá jẹun, ó túmọ̀ sí pé èso pọ̀ nínú igbó. Ní Bukit Lawang, oúnjẹ àpò atọ́nà ń fà wọ́n wá sọ́dọ̀ ènìyàn. Ti Sepilok ń tì wọ́n lọ. Síbẹ̀, mo gbà pẹ̀lú rẹ pé alẹ́ kan tó níbẹ̀, ilé ìwòsàn ni, igbó kọ́.

Ti igbó Ọmọ, òtítọ́ lo sọ, ọ̀tọ̀ ni ká fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n Àánú, kí ẹ tó lọ, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Lekki Conservation Centre lẹ́ẹ̀mejì. Hẹ́kítà 78 ni, afárá orí igi rẹ̀ gùn tó mítà 401. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bínókúlà wá ẹyẹ níbẹ̀: kí ojú kọ́kọ́ rí i, kí ojú má kúrò lára rẹ̀, kí ọwọ́ wá gbé bínókúlà bọ àárín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé bínókúlà kí ó tó máa wá ẹyẹ, ewé ni yóò máa wò. Kí wọ́n sì ṣàkíyèsí àwọn ọ̀bọ tó ti mọ ọ̀rá ìpanu. Wọ́n á rí i pẹ̀lú ojú ara wọn ohun tí oúnjẹ àlejò ń sọ ẹranko dà, láìtíì ná owó físà.

Tísà_Ẹyẹ_Yaba

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹrù kún un, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń tẹwọ́ gba ìpolówó ọjà máa ń ná owó sí.

Bínókúlà 8x42 ni kí ẹ rà. 8 yẹn ni iye ìgbà tó ń mú nǹkan tóbi, 42 ni ìbú ojú dígí iwájú ní mílímítà. Inú ẹgàn ṣókùnkùn, dígí tó fẹ̀ ló ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Èyí kékeré 10x25 tí wọ́n ń tà káàkiri á ṣókùnkùn lójú yín, á sì máa gbọ̀n nínú ọkọ̀ ojú omi, nítorí bó ṣe ń mú ẹranko tóbi náà ló ń mú ìwárìrì ọwọ́ tóbi. Méjì tó fún ẹni márùn-ún, bí kọ̀ọ̀kan bá ní okùn ọrùn. Bí ẹ bá sun yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ gbé bínókúlà àti kámẹ́rà síta nínú àpò wọn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó lò wọ́n. Bí ẹ bá já a jáde lójijì láti inú òtútù sínú ooru, dígí á lá omi, ẹ ó sì máa nu dígí nígbà tí erin bá ń kọjá.

Eṣúṣú. Igbó Danum kún fún un lẹ́yìn òjò. Oríṣi méjì lẹ ó rí: aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń gbé ilẹ̀, tó lè jẹ yín kí ẹ má mọ̀, àti elílà tó ń gbé orí ewé tó bá ga dé orúnkún tàbí ìbàdí, tí jíjẹ rẹ̀ ń ta. Ìbọ̀sẹ̀ bọ́ọ̀lù kì í dá a dúró, ó ń gba inú ihò òwú wọlé. Télọ̀ àdúgbò yín lè rán èyí tó dára: kí ẹ ra kálíkò tó hun mọ́ra, aláwọ̀ funfun tàbí àwọ̀ ẹyin kí eṣúṣú lè hàn lórí rẹ̀. Kó gé e bí ìbọ̀sẹ̀ ńlá, láti ìka ẹsẹ̀ dé ìsàlẹ̀ orúnkún, kó fi ojú ìrán síta kó má bàa ha yín lẹ́sẹ̀, kó sì fi okùn sí ẹnu rẹ̀. Méjìméjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi yáàdì 7 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ lé ìbọ̀sẹ̀ lásán, kí ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú rẹ̀, kí ẹ tó wọ bàtà.

Bí ó bá wá jẹ yín, ẹ má da iyọ̀ sí i, ẹ má fi iná jó o. Bí ó bá jẹ ìrora, ó lè pọ ohun inú rẹ̀ sínú egbò. Ẹ fi èékánná ti ẹnu rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò lára, lẹ́yìn náà ẹ ti ìdí tó sanra, ẹ jù ú nù. Ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa ṣàn, nítorí ó ti fi ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú ojú ibẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi báńdéèjì sí i. Ẹ ṣàlàyé èyí fún àwọn ọmọ nílé, kí wọ́n má bàa máa pariwo nígbà tí orangutan wà lókè.

Ti aṣọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọlọ́wọ́ gígùn tó ń tètè gbẹ, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Jíǹsì kò dára, bí ó bá tutù lónìí, lọ́la ló ṣì tutù. Ẹ má lo lọ́fínńdà. Ihò iná wọn jẹ́ oníbẹta bíi tiwa, ṣájà tí ẹ ń lò nílé á wọ̀ ọ́.

Tọ́ọ̀ṣì orí fún ìrìn alẹ́, kó ní iná pupa. Nínú òkùnkùn, ẹ gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ ojú yín, ojú ẹranko á tàn padà sí yín. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ yí i sí pupa, tàbí kí ẹ gbé iná funfun kúrò lójú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹtà, òwìwí àti tarsier, ẹranko orí igi kékeré kan tí ojú rẹ̀ tóbi ju bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ, ojú tó ń ríran ní òru ni wọ́n fi ń gbé. Iná funfun tó dúró lójú wọn ń fọ́ wọn lójú fún ìgbà díẹ̀, ẹranko tó ń fo láti igi sí igi á wá ṣìnà, tàbí kó kàn dì mọ́ igi níbi tí ọ̀tá lè rí i. Fọ́láàṣì kámẹ́rà, kò sí rárá.

Ẹ sì ṣọ́ atọ́nà tó bá ń fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ kí ẹyẹ lè jáde. Mo ń rò ti hornbill, àwọn ìbátan àkàlà tiwa. Oríṣi mẹ́jọ tó wà ní Borneo ló wà ní Kinabatangan. Bí abo bá fẹ́ yé ẹyin, á wọ inú ihò igi, wọ́n á dí ẹnu rẹ̀ títí yóò fi ku ojú kékeré kan, akọ nìkan ló sì ń gbé èso wá fún un àti fún ọmọ. Bí ohùn àjèjì bá ń mú akọ kiri láti lọ jà, ìyá àti ọmọ ń dúró de oúnjẹ nínú ihò. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pa nítorí ìwo líle orí rẹ̀, ti wà nínú ewu àtirun láti 2015. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ère pupa-pupa tí wọ́n gbẹ́ lára orí ẹyẹ lọ̀ yín ní ọjà, tàbí ìpẹ́ akika, ẹ má rà á. Òfin ilẹ̀ yìí àti ti ilẹ̀ wọn dè é.

Àánú_Surulere

Ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín. A ti dá ètò ti Tàílándì yẹn dúró. Ohun tó kù ni pé ilé ìtura àti onílé àlejò pọ̀ létí odò yẹn, gbogbo wọn ló ń kọ "eco" sára, pé àwọn kì í ba igbó àti ẹranko jẹ́. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Àti pé kí la máa ṣe tí a bá ti wà nínú ọkọ̀?

Baba_Ẹgàn

Ẹ kọ ìwé sí wọn kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìbéèrè há wọn mọ́ra. Ẹni tó bá fèsì ní gbólóhùn kan, tó ní "gbogbo nǹkan wà ní ipò", ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ béèrè iye ènìyàn tó ń wọ ọkọ̀ kan. Mẹ́fà sí mẹ́jọ dára. Ogún, ariwo ni. Ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ wọn ní ẹ́ńjìnnì iná mànàmáná fún ìgbà tí ẹ bá sún mọ́ ẹranko, tàbí ó kéré tán bóyá wọ́n ń pa ti bẹntiróòlù tí wọ́n sì ń fi àjẹ̀ wakọ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí ọkọ̀ mẹ́fà bá ti wà níwájú agbo erin. Ẹni tó bá ní "a máa ń dúró lókèèrè títí tiwọn á fi lọ", òun ni kí ẹ bá ṣe. Ẹ béèrè ibi tí omi ìdọ̀tí wọn ń lọ, nítorí odò kan náà ni àwọn ará abúlé ń pẹja nínú rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti wá, àti bóyá atọ́nà ní báàjì ìjọba. Ní Batu Puteh, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ará abúlé fúnra wọn, KOPEL, ló ń gba àlejò sílé, wọ́n sì ń gbin igi padà sí etí odò. Ẹ lè sùn nílé ẹbí kan níbẹ̀, àwọn ọmọ yín á bá ọmọ ilé ṣeré. Ilé wọn kò ní ìrọ̀rùn bíi ti ilé ìtura, ṣùgbọ́n owó yín kò kúrò ní abúlé. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan, ẹ̀kọ́ ilé tiwa náà ni.

Àkókò: agogo mẹ́fà òwúrọ̀ àti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wà lórí omi. Àwọn ọ̀bọ onímú gígùn máa ń padà sórí igi etí odò láti sùn, kí ẹranko apanijẹ má bàa lè ti gbogbo ìhà wá bá wọn. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí wọn láti agogo mẹ́rin àbọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ní kété lẹ́yìn agogo mẹ́fà. Ọ̀sán kò dára, ẹranko ń sinmi, ẹ̀yin náà ẹ sùn.

Nínú ọkọ̀, ẹ jókòó, ẹ má dìde lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀nì wà nínú odò náà, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan omi. Bí erin bá ń sọdá, ohun tó ń bàjẹ́ jù ni kí ọkọ̀ wọ àárín ìyá àti ọmọ, tàbí kí ọkọ̀ dí etí bèbè tí wọ́n fẹ́ gbà jáde. Erin tó ti rẹ̀ nínú omi á padà sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ lè rì. Ẹ sọ fún awakọ̀ kó jìnnà sí bèbè méjèèjì. Àmì pé ẹ ti sún mọ́ jù: erin á na etí síta, á gbé ọwọ́ ìjà sókè, orangutan á máa fi ètè dún bí ẹni ń fẹnu ko nǹkan, á máa ṣẹ́ ẹ̀ka jù sílẹ̀, ọ̀bọ á dákẹ́, gbogbo wọn á máa wò yín. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ sún sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, kí ẹranko náà lè padà sẹ́nu oúnjẹ rẹ̀. Wákàtí kan tó lọ́dọ̀ orangutan kan.

Oṣù Keje dára, òjò ńlá apá ibẹ̀ máa ń wà láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì. Síbẹ̀ ẹ mú aṣọ òjò, igbó kìjikìji ni. Èéfín iná igbó lè dé láti oṣù Kẹjọ lọ, bó ṣe ṣẹlẹ̀ kíkankíkan ní 2015 àti 2019, nítorí náà ẹ má sún ọjọ́ yín síwájú.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Owó ọwọ́ ló ń ti atọ́nà sún mọ́ ẹranko jù, torí ó rò pé ohun tí àlejò ń fẹ́ nìyẹn. Ní alẹ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ kankan, kí bàbá pe atọ́nà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó sọ fún un pé owó ọwọ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ì báà rí erin, ì báà má rí erin, àti pé mítà 10 lẹ fẹ́.